Sípíríǹgì Ló Kán, Gíà Ò Tíì Kú

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ìtúpalẹ̀ ewì, kì í ṣe àṣà ìgbéyàwó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwítúnwí pé èdè wa ń kú lọ. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni. Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Nígbà tí mo bá sì pe kẹ̀kẹ́, kì í ṣe Márúwá ni mò ń wí o. Láti ìgbà tí Buba Marwa, tó jẹ́ gómìnà ológun Èkó láàárín 1996 sí 1999, ti mú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọ̀lú, ìyẹn ti gba orúkọ mọ́ kẹ̀kẹ́ gidi lọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń sọ, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ wa pẹ́dà rẹ̀ tí kò bèèrè epo.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ni kẹ̀kẹ́ náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa gbé aṣọ. Bí oníbàárà bá ra ankárá tàbí léèsì ní Balógun, tí kò sì lè wá gbé e fúnra rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni yóò dì í sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, yóò gba Ìdúmọ̀tà jáde, yóò gun afárá Carter, ó di Ìddó, ó di Òyìngbò, nígbà mìíràn ó di Yábàá. Ọ̀kadà ló ń gùn tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Lagos Island sì wà nínú wọn. Ó ta ọ̀kadà, ó fi díẹ̀ nínú owó rẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan tó ní gíà méje lẹ́yìn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti já láti orí ẹ́ńjìnnì bọ́ sórí pẹ́dà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà bẹntiróòlù kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ fi ń gòkè títí ó fi súnmọ́ ₦1,000 ní oṣù kẹwàá 2024. Àwọn tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ wá ń bi í léèrè ibi tó ti ra kẹ̀kẹ́.

Ó di òwúrọ̀ Sátidé kan. Ẹrù léèsì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti gun afárá dé ìdajì, ó wá fi àtàǹpàkò tẹ ọwọ́ gíà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè fúyẹ́. (Ọwọ́ gíà ni mo pe ohun kékeré tó wà lápá ọ̀tún ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tó ń fa wáyà tí ṣéènì fi ń bọ́ láti orí àwo eléyín kan sí òmíràn lẹ́yìn.) Nǹkan dún táà nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ó ti tẹ̀ ẹ́ ni ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kò padà sípò mọ́, ó kàn ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Ó gbìyànjú ẹ̀yà kejì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa tú wáyà sílẹ̀. Kí ó tó mọ̀, ṣéènì ti sọ̀ kalẹ̀ dé orí àwo tó kéré jù, èyí tó wúwo jù lẹ́sẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò fà á gòkè mọ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé Èkó tẹ́jú, kí ni a fẹ́ fi gíà ṣe? Òótọ́ ni pé láti Ẹnu Ọwá dé Ọbáléndé, ẹ ò ní bá òkè kan pàdé. Ṣùgbọ́n erékùṣù ni erékùṣù ń jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jáde níbẹ̀, afárá ni yóò gùn, òkè sì ni afárá. Ẹ tún wá fi afẹ́fẹ́ ọ̀sà kún un, tó máa ń fẹ́ kọlu ojú ẹni lọ́sàn-án. Ọ̀pọ̀ nínú Raleigh tí àwọn bàbá bàbá wa gùn kò ní gíà rárá, ohun tí wọ́n sì ń ṣe tí wọ́n bá dé orí òkè ni pé wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tì í. Ẹ̀gbọ́n mi náà tì í. Ó tì í dé Ìddó, níbi tí ọ̀gá fọganáísà kan ti ṣàánú rẹ̀: ó tú nọ́ọ̀tì tó di wáyà mú lẹ́yìn, ó fi púláyà fa wáyà náà títí ṣéènì fi gun àwo àárín, ó sì dè é mọ́ ibẹ̀. Gíà méje di ẹyọ kan. Ẹ fi ọgbọ́n yẹn pamọ́, ó lè bá yín níbi tí ẹ ò ti ní rí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó padà sí Erékùṣù, a jọ lọ sí ilé ìtajà ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ kan. Ẹni tó wà níbẹ̀ fi ìka kan ti ọwọ́ gíà náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ó ti kú. Ẹ ra tuntun." Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ò lè ṣí i wò?" Ó wò mí bí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ àlùfànṣá.

"A kì í ṣí i."

Gbólóhùn yẹn ni mo bá wá síbí lónìí. Ẹ̀yin tí a jọ jókòó nínú kíláàsì gírámà, ẹ wò ó dáadáa. Kò sọ pé "N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i." Kò sọ pé "N kò fẹ́ ṣí i." Ó ní a kì í ṣí i. Irú ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ èèwọ̀ nìyẹn: a kì í jókòó lórí odó. Nínú "a kì í", kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí a lè bi léèrè ìdí, gbogbo ayé ló ti fohùn ṣọ̀kan láti ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọkùnrin náà ti sọ àìmọ̀ọ́ṣe rẹ̀ di èèwọ̀, a sì ti fẹ́ san ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án fún èèwọ̀ náà. Èrò tèmi ni pé kò sí èèwọ̀ kankan níbẹ̀. Ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ tò pọ̀, ènìyàn lè fi ọwọ́ tú u. Mo sì gbà pé àwa tí a jẹ́ ọ̀dọ́ ti tètè ń gba "a kì í ṣí i" gbọ́ jù, nínú fóònù, nínú fáànù, nínú bàtà pàápàá.

Kí ló wà nínú ohun tí a kì í ṣí náà? Kò ju nǹkan bíi mélòó kan lọ. Àgbá kékeré kan wà tí wáyà ń wé mọ́, eyín wà létí àgbá náà bíi ti ayùn. Irin ṣóńṣó kan wà tó ń há sáàárín eyín kí àgbá má baà yí padà. Tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ ọwọ́ gíà, yóò ti àgbá síwájú ní eyín kan, irin ṣóńṣó yóò há, ṣéènì yóò gun àwo tó tóbi díẹ̀ sí i. Ẹ̀yà kejì ni ó ń gbé irin ṣóńṣó sókè kí àgbá lè padà sẹ́yìn ní eyín kan. Sípíríǹgì tó wà níbẹ̀ pín sí oríṣi méjì. Ọ̀kan, tó nípọn díẹ̀, ni ó ń dá ọwọ́ gíà padà sípò lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́. Àwọn kéékèèké, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun imú, ni ó ń tẹ irin ṣóńṣó mọ́ eyín. Ó tán. Ẹ ò rí i pé kò tó ohun tó wà nínú máṣíìnì ìránṣọ ìyá yín?

Ẹni tó mú wa lọ sọ́dọ̀ Alájì ni ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá ilé wa. Alájì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kan nítòsí Ìdúmàgbò, lábẹ́ agboòrùn ńlá kan tí òun fúnra rẹ̀ ti lẹ̀ tó ìgbà mélòó kan. Agboòrùn ló ń tún ṣe nígbà òjò, kẹ̀kẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, sítóòfù nígbàkigbà. A kí i, a gbé ìròyìn wa kalẹ̀ pé sípíríǹgì ti kán, wọ́n ní gíà ti kú.

"Ta ló sọ fún yín pé ó kú?" ni Alájì wí. "Ẹ ti ń gbẹ́ sàréè, ẹ ò tíì fọwọ́ kan àyà rẹ̀ wò."

Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe kò ní í ṣe pẹ̀lú sípíríǹgì rárá. Ó tú omi kẹrosíìnì díẹ̀ sínú ọwọ́ gíà náà láti ojú ihò ibi tí wáyà ń gbà wọlé, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tú u sílẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́. Omi dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó ní púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń gbé wá fún òun pé sípíríǹgì rẹ̀ kán, kò kán rárá, gírísì inú rẹ̀ ló gan. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ lè ti dúró sínú gáráàjì kan ní Yúróòpù tàbí Japan fún ọdún pípẹ́ kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá síbí. Gírísì tí wọ́n fi sí i láti iléeṣẹ́ yóò ti gbẹ, yóò ti lẹ̀ bí oje igi, irin ṣóńṣó kò sì ní lè já bọ́ sáàárín eyín mọ́ bí sípíríǹgì rẹ̀ tilẹ̀ lágbára. Ẹni tí kò mọ̀ yóò tẹ̀ ẹ́, kò ní í há, yóò ní ó ti kú. Kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, òróró máṣíìnì ìránṣọ díẹ̀ tẹ̀ lé e, ó jí. Mo ń ro iye ọwọ́ gíà tí ènìyàn ti jù sórí ààtàn ní ìlú yìí nítorí gírísì.

Ṣùgbọ́n tiwa kán lóòótọ́. Lẹ́yìn kẹrosíìnì, irin ṣóńṣó ń há dáadáa, a ń gbọ́ ọ, àmọ́ ọwọ́ gíà kò padà sípò. Alájì ní ìyẹn ti fi ibi tí àrùn wà hàn: ti kéékèèké wà láàyè, èyí tó ń dá a padà ló lọ.

Ó wá ṣí i. Súkúrù méjì péré ni. Kí ó tó ṣí i, ó ti ọwọ́ méjèèjì àti ọwọ́ gíà náà bọ inú láílọ́ọ̀nù funfun kan tí ojú ń ríran nínú rẹ̀, ó ní ohun tó bá fò kò ní lè fò kọjá ibẹ̀. Mo rántí iye ìgbà tí mo ti wá sípíríǹgì bíírò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo kan mi orí. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí láyè ṣe ni kí n máa fi fóònù ya ohun kọ̀ọ̀kan bó ti ń yọ, kí á lè mọ èyí tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀. Alájì ní òun kò nílò fótò, pé kí n yà á fún ara mi.

Sípíríǹgì náà jáde. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe rí, ẹ lọ wo pẹ́ẹ̀gì tí ẹ fi ń há aṣọ sórí okùn: irú rẹ̀ ni, èyí tó ń lọ́, kì í ṣe èyí tó ń súnkì bíi ti bíírò. Ó ní ìká bíi mẹ́rin, ó sì ní ìkọ́ ní ìkángun méjèèjì. Ìkọ́ kan ló já. Ibẹ̀ náà ló sábà máa ń já, nítorí pé gbogbo agbára tí àtàǹpàkò ń lò, orí ìkọ́ kékeré yẹn ló ń dà sí, lójoojúmọ́, ní ojú kan náà. Ìká rẹ̀ yòókù kò ní àléébù kankan.

Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí. Ẹni tó bá kàn fi púláyà tẹ ojú ibi tó já láti sọ ọ́ di ìkọ́ mìíràn, yóò tún gbọ́ táà lẹ́ẹ̀kejì. Irin sípíríǹgì le, kì í gbà kí a tẹ òun kọrọdọ ní tútù. Ó ní láti rí iná kí ó tó rọ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá dé ara ìká rẹ̀, ó parí, yóò rọ̀ bíi wáyà ìdìgi, kò sì ní lè ta padà mọ́ láéláé. Orí ìkángun nìkan ni iná gbọ́dọ̀ dé. Alájì rán ọmọṣẹ́ rẹ̀ sí alágbẹ̀dẹ wúrà kan tó wà ní ojúlé kejì, torí òun ló ní iná kékeré tó ṣe é darí. Mo tẹ̀ lé e. Wọ́n fi púláyà nípọn kan di ìká mú kí irin púláyà lè máa gba ooru náà sára, wọ́n sì mú iná sún mọ́ ìkángun títí ó fi pọ́n bí ẹyin ojú ẹni tí kò sùn. Wọn kò tì í bọ omi. Wọ́n jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀, nítorí omi ni yóò tún sọ ọ́ di ohun tó ń kán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi púláyà ẹlẹ́nu ṣóńṣó tẹ ìkọ́ tuntun.

Sípíríǹgì náà ti kúrú díẹ̀ nítorí ohun tó já kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń dá a padà, ó di dandan kí wọ́n lọ́ ọ díẹ̀ sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí ó tó kan ibi tí yóò kọ́. Ìka Alájì sì tóbi jù fún ibẹ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, ó fò, láílọ́ọ̀nù gbà á. Ó wá gbé e fún ọmọṣẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: mo ti kọ òwe yẹn sínú ìdánwò tó ìgbà mélòó kan, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ fi ojú ara mi rí kèrègbè. Ọmọ náà fi orí abẹ́rẹ́ ti ìkọ́ sí ipò, ó dé e, ó yí súkúrù méjèèjì. Ọwọ́ gíà lọ, ó bọ̀.

Mo béèrè pé bí ìkọ́ yẹn bá tún já ńkọ́? Alájì fa àpótí kan jáde. Okùn gìtá wà níbẹ̀, èyí tó jẹ́ irin gbọnrangandan tí wọn kò we nǹkan mọ́ lára. Irin sípíríǹgì gan-an ni, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ sì tó fún àwọn kéékèèké. Ó ní èèyàn yóò we é mọ́ ìṣó tó kéré sí ìwọ̀n ihò tó ń wá, torí bó bá ti tú u sílẹ̀, yóò là díẹ̀. Kí ó sì rí i pé apá ibi tí ti àkọ́kọ́ wé sí ni tuntun náà wé sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ńṣe ni yóò máa tú ara rẹ̀ nígbà tó yẹ kó máa fún ara rẹ̀. Sípíríǹgì inú bíírò kò lè ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má fi àkókò ṣòfò.

Iṣẹ́ wákàtí kan ààbọ̀, pẹ̀lú ti alágbẹ̀dẹ wúrà. Ó ní kí á mú ₦2,500 wá. Ibí yìí ni ojú ti tì mí, n ó sì sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti ń ka ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án lọ́wọ́ ní ilé ìtajà láìjanpata, bẹ̀rẹ̀ sí í ná Alájì. "Ẹ gba ẹgbẹ̀rún kan, Alájì. Ẹ ò ṣáà fi nǹkan tuntun sí i." Kì í ṣe òun nìkan. Gbogbo wa la ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí a lè gbé lọ sílé nínú páálí ni a mọ̀ pé ó lówó lórí. Ohun tó wà lórí ẹni àti lọ́wọ́ ẹni, a rò pé ó yẹ kí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ. Alájì kò jiyàn. Ó ní ọmọṣẹ́ mẹ́rin ni òun ní tẹ́lẹ̀, ẹyọ kan yìí ló kù, ìyẹn náà sì ti ń bi òun léèrè pé ṣé òun lè yọ̀ǹda rẹ̀ kí ó lọ máa ta ìbòrí fóònù ní Ìdúmọ̀tà. Ẹ̀gbọ́n mi san owó rẹ̀ pé.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní wákàtí kan ààbọ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ ìbá ti gbé aṣọ lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni, kò sì sí ohun tó burú tí ẹni tó ní owó àti ìkánjú bá ra tuntun. Ohun tó burú ni kí a pa á láṣẹ fún ẹni tí kò ní pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Wọn yóò tún ní ṣé sípíríǹgì tí a jó níná ṣe é gbára lé? Fún gíà, bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá tún já, ìyà tó máa jẹ yín kò ju ti ẹsẹ̀ lọ. N kò ní sọ bẹ́ẹ̀ nípa búrẹ́ẹ̀kì. Ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí afárá Carter wọ inú èrò Ìdúmọ̀tà, tí ọkọ̀ àti àwọn alágbàrù ń bẹ níwájú rẹ̀, kò gbọdọ̀ fi wáyà búrẹ́ẹ̀kì tó ti ń yọ irun dán nǹkan wò. Ẹ ra tuntun, ẹ má wo ẹ̀yìn.

Àwọn ọwọ́ gíà kan sì wà tí Alájì pàápàá kò lè ṣí. Wọn kò ní súkúrù, ike ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, tàbí irin tí wọ́n kàn pa. Ìyẹn kì í ṣe èèwọ̀, ìpinnu ẹnìkan ni, ẹni tó jókòó sí tábìlì kan tó rò ó pé títà tuntun yóò mówó wọlé ju títa sípíríǹgì lọ. Àwọn òyìnbó fúnra wọn ti ń bá àwọn oníṣòwò wọn fa ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, European Union ṣe òfin kan lórí ẹ̀tọ́ oníbàárà láti rí ẹrù rẹ̀ tún ṣe, ó sì kan àwọn ọjà bíi ẹ̀rọ ìfọṣọ, fìríìjì àti fóònù. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wa ju bó ti dùn mọ́ wọn lọ, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni ẹrù wọn ń wá parí ayé rẹ̀ sí. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá dé Àpápá, ẹni tó ṣe é ti gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó kù tó mọ ìfun rẹ̀ ni ẹni tó jókòó lábẹ́ agboòrùn ní Ìdúmàgbò.

Ó wá ku ohun tó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, mo ti ṣèlérí rẹ̀ láti òkè.

Ní gbogbo ìgbà tí Alájì fi ń ṣiṣẹ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì tó sọ kò ju gíà, sípíríǹgì, wáyà àti súkúrù lọ. Àwọn yòókù ní orúkọ. Irin ṣóńṣó tí mò ń dárúkọ láti àárọ̀ yìí, ahọ́n ló ń pè é. Ahọ́n ń há sáàárín eyín. Wáyà tó wà nínú, iṣan ni, rọ́bà tó bò ó, awọ ni. Ibi tí wáyà ń gbà wọlé ni ọ̀nà ọ̀fun. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, òun pẹ̀lú ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni wọ́n wo ohun tí ohun kọ̀ọ̀kan ń ṣe, tí wọ́n sì wo ara ènìyàn. Àwa nìyí tí a ń ka ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1984. Iṣẹ́ ńlá ni, láìsí i ni a ò bá máa kọ́ ẹ̀dá èdè lédè wa. Ṣùgbọ́n fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni ni wọ́n ṣe é. Ta ló ń ṣe ti kẹ̀kẹ́? Ta ló ń ṣe ti sítóòfù? Nígbàkúgbà tí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ bá dé, gbogbo wa a sáré lọ bá oríkì àti ìyèrè, bí ẹni pé ẹnu àwọn arúgbó nìkan ni èdè ń gbé. Bí ọmọṣẹ́ Alájì bá lọ ta ìbòrí fóònù, ahọ́n àti ọ̀nà ọ̀fun yóò bá Alájì lọ, a ó sì padà sí "a kì í ṣí i".

Mo ti bá olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi sọ̀rọ̀. Kò tíì gbà, ó ní kí n kọ ojú ìwé méjì wá láti fi hàn pé kókó ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. N ó kọ ọ́. Ní Sátidé tó kọjá, mo padà lọ bá Alájì pẹ̀lú ìwé àjákọ, mo jókòó sórí àpótí okùn gìtá rẹ̀. Ó fi mí rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ọmọ yunifásítì wá kọ́ṣẹ́. Mo bi í pé báwo ló ṣe ń mọ̀, kí ó tó ṣí i, pé ahọ́n ti mú eyín tàbí kò mú un.

Ó ní, "Ṣé o ò gbọ́ ọ ni? Tó bá dún *kó*, ó ti jókòó. Tó bá dún *kẹ̀rẹ̀*, ẹ̀gbẹ́ eyín ló gùn, yóò yọ̀ tó o bá gbé ẹrù. Tí ò bá dún rárá, gírísì ni, lọ wá kẹrosíìnì."

Àwọn olùkọ́ wa ń pe irú rẹ̀ ní ìfìrógbóyèyọ, inú ewì ni wọ́n sì ti máa ń fa àpẹẹrẹ rẹ̀ yọ. Mo kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn wọn. Nígbà tí mo ń lọ sílé, mo bá ẹ̀gbọ́n mi ní ẹsẹ̀ afárá, ẹrù ankárá ga lẹ́yìn rẹ̀ bí òkìtì. Ó juwọ́ sí mi, ó tẹ ọwọ́ gíà lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì dúró kí n lè gbọ́ ọ nínú ariwo Ìdúmọ̀tà: *kó, kó, kó.*